Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Àkókó àti Ọ̀nà Yunifásítì Kánádà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó fẹ́ lọ kàwé ní yunifásítì ilẹ̀ Kánádà, ọ̀pọ̀ òbí a máa rò pé ọ́fíìsì alágbàtà kan ní Èkó tàbí ní Àkúrẹ́ ni ètò náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn a rò pé ojú kọ̀ǹpútà ni, lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ń kọ orúkọ ọmọ sínú fọ́ọ̀mù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú kíláàsì ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, nínú ìwé tí olùkọ́ ń kọ máàkì sí ní ìparí táàmù, nígbà tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ SS 1. Ìwé yẹn ni ẹ̀ṣọ́ tí ọmọ yóò kó ròde. Bí ó bá pé, tí òtítọ́ sì wà nínú rẹ̀, ọmọ rí ohun gbé jáde. Bí kò bá sí, tàbí tí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, owó àti ìsáré kò lè dí àlàfo rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ni ni ti Àjọwá-Àkókó, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí Òkèàgbè jẹ́ olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀. Orúkọ ìlú náà ń sọ ìtàn ara rẹ̀: àwọn ìlú kéékèèké tí wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ìmọ̀ ṣọ̀kan tí wọ́n sì jọ wá sí ojú kan. Títí di òní, ẹ̀ka-èdè ilé kan lè yàtọ̀ sí ti ilé kejì ní Àjọwá, kí Yorùbá jẹ́ èdè tí wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn lọ́jà, kí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ èdè kíláàsì. Bí ènìyàn bá gba Ìkàrẹ́ kọjá tí ó sì kọrí sí Ọ̀ka, yóò kan Àkùngbá, níbi tí Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin wà. Ọdún 1999 ni wọ́n gbé yunifásítì ìpínlẹ̀ náà wá sí Àkùngbá, ọdún 2004 ni wọ́n sì fi orúkọ Olóyè Adékúnlé Ajáṣin pè é, olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti ọdún 1979 sí 1983. Nítorí náà, ọmọ Àjọwá kì í ṣe ẹni tí kò rí yunifásítì rí. Ohun tí ó ṣe àjèjì sí i ni ọ̀nà tí àwọn ará Kánádà ń gbà yan akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀nà tí ó mọ̀ ni ti ìdánwò. Láti ọdún 1952 ni ìgbìmọ̀ WAEC ti wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọdún 1978 sì ni ìjọba Nàìjíríà dá JAMB sílẹ̀ láti máa ṣètò ìgbàwọlé sí àwọn yunifásítì. Ọmọ tí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì yóò ní kírédítì márùn-ún nínú ìdánwò àṣekágbá, yóò sì jókòó fún ìdánwò JAMB lórí iṣẹ́ mẹ́rin, tí àpapọ̀ máàkì rẹ̀ jẹ́ 400. Ètò yìí ní àǹfààní tirẹ̀. Àmọ́ ó ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ, àti olùkọ́ pẹ̀lú, pé wákàtí mélòó kan ní gbọ̀ngàn ìdánwò ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ọmọ lè fi SS 1 àti SS 2 ṣeré, kí ó wá fi oṣù mẹ́ta péré ka ìwé bí ẹni tí iná ń lé. Bí ó bá yege, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè bí ó ti ṣe ní táàmù kejì ọdún tí ó kọjá.

Ní Kánádà, ìbéèrè yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Kò sí JAMB níbẹ̀. Kò tilẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀, nítorí pé òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè náà ti ọdún 1867 fi ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ sí ọwọ́ àwọn ìpínlẹ̀, tí wọ́n jẹ́ mẹ́wàá. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀, yunifásítì kọ̀ọ̀kan sì ní ìlànà tirẹ̀. Ní Ontario, ibùdó kan wà ní ìlú Guelph láti ọdún 1971 tí ènìyàn lè gbà kọ̀wé sí àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ náà papọ̀, tí Yunifásítì Toronto, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1827, wà lára wọn. Ní Québec, ẹni tí ó bá fẹ́ McGill, tí ó ti wà láti ọdún 1821, yóò kọ̀wé sí McGill fúnra rẹ̀. Kò sí ìdánwò ìgbàwọlé kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ ń lò. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé ka orí tábìlì ni èsì iṣẹ́ ọmọ ní kíláàsì láti ọdún dé ọdún, àti èsì àṣekágbá rẹ̀. Wọ́n ń wò bóyá ó ń gòkè tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ń wò bóyá ó kọ́ àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀kọ́ tí ó yàn nílò. Ọmọ tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ láìní Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́mísírì tí ó dára, kí ó má tilẹ̀ dàmú ara rẹ̀.

Ètò yìí kò ṣòro fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Amẹ́ríkà. Àpẹẹrẹ kan ni ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Houston tàbí Chicago, tí ó fẹ́ kọjá sí Kánádà lọ kàwé. Ọdún mẹ́rin ni ó ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tiwọn, láti kíláàsì kẹsàn-án títí dé ìkejìlá. Láti ọjọ́ tí ó bá ti wọ kíláàsì kẹsàn-án ni ilé-ẹ̀kọ́ ti ń kó gbogbo máàkì rẹ̀ jọ sínú àkọsílẹ̀ kan. Òṣìṣẹ́ kan wà nílé-ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn. Bí ọmọ náà bá fẹ́ kọ̀wé sí Toronto tàbí Vancouver, òṣìṣẹ́ yìí ni yóò fi àkọsílẹ̀ náà ránṣẹ́ tààrà láti ilé-ẹ̀kọ́ sí yunifásítì, láìjẹ́ pé ọmọ fọwọ́ kàn án. Èyí kò fi hàn pé ọmọ Amẹ́ríkà ní ọpọlọ ju ọmọ Àjọwá lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ó ti ń tọ́jú ẹ̀ṣọ́ pa mọ́ fún un láti ọjọ́ pípẹ́.

Ṣé ilé-ẹ̀kọ́ Àkókó kò lè ṣe irú èyí ni? Ó lè ṣe é. Òfin tilẹ̀ ti ní kí ó máa ṣe é. Nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 ní ọdún 1982, lábẹ́ ìlànà ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1977, ọ̀kan nínú òpó rẹ̀ ni pé kí wọ́n máa yẹ iṣẹ́ ọmọ wò láti ìgbà dé ìgbà, kí ìdánwò àṣekágbá má baà jẹ́ òun nìkan ni yóò máa dájọ́. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ fi ń gba máàkì iṣẹ́ kíláàsì, iṣẹ́ àṣetiléwá àti ìdánwò kékeré sílẹ̀. Èrò àwọn tí ó ṣe ìlànà náà bá èrò àwọn ará Kánádà mu pátápátá. Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó ni ìmúṣẹ. Ní ibòmíràn, inú àpótí igi ni ìwé máàkì wà títí ikán fi jẹ ẹ́. Ní ibòmíràn, wọ́n gbé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lọ sí ìlú mìíràn, kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó kó ìwé sí. Ibòmíràn sì wà tí olùkọ́ kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, tí ó wá jókòó ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí ó fi ojú inú fún gbogbo kíláàsì ní máàkì. Lójú olùkọ́ yẹn, fọ́ọ̀mù lásán ni ó kún. Kò mọ̀ pé ọ̀nà ọmọ ẹlòmíràn ni ó dí.

Ìpalára rẹ̀ máa ń hàn nígbà tí ọmọ bá ń kọ̀wé. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Kánádà ń gba ìwé ìbéèrè fún oṣù kẹsàn-án ọdún nígbà tí ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ó tilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Oṣù kìíní ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó lórúkọ ń ti ìlẹ̀kùn wọn. Ní àkókò yìí, ọmọ tí ó wà ní SS 3 kò tí ì ṣe ìdánwò WAEC. Agbede-méjì ọdún ni yóò ṣe é, ó sì lè di oṣù kẹjọ kí èsì tó jáde. Kí ni yunifásítì yóò wá wò? Èsì SS 1 àti SS 2 ni, pẹ̀lú ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń sọ irú èsì tí wọ́n retí pé ọmọ náà yóò ní. Bí àwọn ìwé wọ̀nyí bá dára, wọ́n lè gba ọmọ wọlé pẹ̀lú àdéhùn pé èsì àṣekágbá kò ní jìnnà sí ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ.

Níhìn-ín ni òtítọ́ ti wúlò jù. Olùkọ́ tí ó bá bu máàkì ńlá fún ọmọ nítorí àánú kò ràn án lọ́wọ́. Bí olùkọ́ bá kọ A1 sí ibi tí ọmọ yóò ti gba C6, yunifásítì lè gba ìwé ìgbàwọlé padà lẹ́yìn tí òbí ti náwó. Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sórí ọmọ kan. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá bá èsì mu lẹ́ẹ̀kan, ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ nígbà mìíràn? Àbúrò tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò jìyà ohun tí kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ pẹ̀lú kò kéré. Ọmọ Yorùbá máa ń ní orúkọ púpọ̀: èyí tí bàbá sọ ọ́, èyí tí ìyá-àgbà sọ ọ́, èyí tí ìjọ tàbí mọ́sálásí sọ ọ́. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Àmọ́ bí ìwé ìbí bá pè é ní orúkọ kan, tí ìwé WAEC pè é ní òmíràn, tí ìwé ìrìnnà sì yí ẹ̀yìn àwọn orúkọ náà sí iwájú, ẹni mẹ́ta ni ọmọ kan ṣoṣo dà lójú àjèjì tí ń ka ìwé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò ni ó yẹ kí olùkọ́ kíláàsì yẹ orúkọ àti ọjọ́ ìbí wò pẹ̀lú ìwé ìbí. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni lọ́jọ́ náà. Tí ó bá ṣe ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ ìbúra ní kóòtù àti ìrìn-àjò lọ sí ọ́fíìsì WAEC.

Lẹ́yìn máàkì, àwọn yunifásítì kan a máa fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ fúnra rẹ̀. Yunifásítì British Columbia ní Vancouver, fún àpẹẹrẹ, máa ń bi akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ìbéèrè tí yóò fi ọ̀rọ̀ kúkúrú dáhùn: ohun tí ó ti ṣe, ohun tí ó kọ́ nínú rẹ̀, ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún. Ibí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń lọ sanwó fún alágbàtà kí ó bá ọmọ kọ ọ́. Ohun tí alágbàtà bá sì kọ fún ọmọ Àjọwá náà ni yóò kọ fún ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Ọ̀yọ́: pé láti kékeré ni ó ti ń lálàá láti yí ayé padà. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ó ń gbọ́ èdè mẹ́ta kí ó tó di ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí ó ń bá ìyá rẹ̀ ṣírò owó kòkó tàbí gààrí lọ́jọ́ ọjà, tí ó ń kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ níwèé lálẹ́ nígbà tí iná kò sí, ní ohun gidi láti sọ. Iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni láti jẹ́ kí ó mọ̀ pé ohun tí ó mọ̀ yìí tó sọ, kí ó sì ràn án lọ́wọ́ láti sọ ọ́ ní gbólóhùn tí ó gún. Ti èdè Gẹ̀ẹ́sì náà, àwọn yunifásítì kan gbà kí kírédítì Gẹ̀ẹ́sì nínú WAEC dúró fún ẹ̀rí. Àwọn mìíràn á ní kí ọmọ lọ ṣe ìdánwò bíi IELTS. Ojú ìwé yunifásítì fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n ti wò ó, kì í ṣe ẹnu ẹni tí ń ta fọ́ọ̀mù.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò mọ̀. Yunifásítì Toronto ní sìkọ́láṣíìpù kan tí wọ́n fi orúkọ Lester B. Pearson pè, ẹni tí ó jẹ́ olórí ìjọba Kánádà láti ọdún 1963 sí 1968. Ó wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè, ó sì ń san owó ilé-ẹ̀kọ́, owó ìwé àti owó ibùgbé fún ọdún mẹ́rin. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń fún lọ́dọọdún láti gbogbo ayé. Àmọ́ ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ dì mú ṣinṣin ni èyí: ọmọ kò lè dìde fúnra rẹ̀ béèrè fún un. Ilé-ẹ̀kọ́ girama rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ yàn án, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìkẹ́kọ̀ọ́, kí ọjọ́ tó kọjá. British Columbia náà ní irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ ni í yan ọmọ fún un. Bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kò bá mọ̀, tàbí tí ó bá mọ̀ tí kò kọ̀wé, ilẹ̀kùn náà tì kí ọmọ tó kan án. Kò sí ọlọ́pọlọ pípé tí ó lè ṣí i láti ìta.

Ìrànwọ́ yìí ṣe pàtàkì nítorí pé owó tí àjèjì ń san ní Kánádà kì í ṣe ohun ṣeréṣeré. Ọmọ onílẹ̀ ń san díẹ̀, àjèjì ń san ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà púpọ̀. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ìdá owó ilé-ẹ̀kọ́ àjèjì tí ń kàwé fún oyè àkọ́kọ́ ti kọjá 35,000 dọ́là Kánádà lọ́dún. Ìjọba tún fẹ́ rí owó tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi jẹun tí yóò sì fi gbélé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 10,000 dọ́là ni wọ́n ń béèrè fún ẹnì kan. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, ó di 20,635. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ó di 22,895, èyí tí ó ju ogún mílíọ̀nù náírà lọ ní ìparí ọdún náà, láìka owó ilé-ẹ̀kọ́ àti owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Òbí tí ó bá rò pé ọmọ yóò máa ṣiṣẹ́ fi san gbogbo rẹ̀, kí ó mọ̀ pé òfin fi òdiwọ̀n sí i: láti oṣù kọkànlá ọdún 2024, wákàtí 24 lọ́sẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ṣiṣẹ́ níta nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé. Wákàtí 24 kò lè gbé ẹrù owó ilé-ẹ̀kọ́.

Ìyàtọ̀ ńlá kan sì wà tí òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ìwé ìgbàwọlé yàtọ̀ sí ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́. Yunifásítì ni ó ń fúnni ní ti àkọ́kọ́. Ìjọba àpapọ̀ Kánádà ni ó ń fúnni ní èkejì. Níwájú yunifásítì, ẹgbẹ́ ni ọmọ Àjọwá àti ọmọ Houston: máàkì ni wọ́n jọ gbé wá. Níwájú ẹnubodè, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Ọmọ Amẹ́ríkà kò nílò físà. Bí ìwé rẹ̀ bá pé, ó lè béèrè fún ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́ ní ẹnubodè Kánádà lọ́jọ́ tí ó bá dé. Ọmọ Àjọwá gbọ́dọ̀ béèrè láti ilé. Yóò san 150 dọ́là fún ìwé náà àti 85 fún títẹ ìka àti yíya àwòrán. Yóò rìnrìn-àjò lọ sí Èkó tàbí Àbújá láti lọ tẹ̀ka. Yóò sì dúró de èsì. Láti ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 2024, ìwé mìíràn ti kún un: ìpínlẹ̀ tí ọmọ ń lọ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí ó jẹ́rìí pé ó wà lára iye tí wọ́n gbà láàyè, nítorí pé ìjọba ti fi òdiwọ̀n sí iye akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò máa wọlé. Ní ọdún 2024, iye tí wọ́n là kalẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 360,000, ìdínkù ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún sí ti ọdún 2023.

Òṣìṣẹ́ tí ń ka ìwé ọmọ ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè mélòó kan: Ṣé lóòótọ́ ni ó fẹ́ kàwé? Ṣé ẹ̀kọ́ yìí bá ohun tí ó ti kọ́ tẹ́lẹ̀ mu? Níbo ni owó ti wá? Ṣé yóò pa òfin mọ́, kí ó sì kúrò nígbà tí àṣẹ rẹ̀ bá tán? Owó tí wọ́n yá láti kó sí báǹkì ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kì í tan òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìwé báǹkì oṣù púpọ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n lè kọ̀ fún ọmọ tí yunifásítì ńlá ti gbà. Òbí tí ó bá ta oko kòkó kí ìwé àṣẹ tó jáde ti fi ẹṣin sẹ́yìn kẹ̀kẹ́.

Àwọn alágbàtà kì í sọ èyí. Ní ọdún 2023, ìròyìn kàn pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ Íńdíà tí wọ́n ti wà ní Kánádà, tí àwọn mìíràn nínú wọn ti parí ẹ̀kọ́, ni ìjọba fẹ́ lé padà nítorí pé ayédèrú ni ìwé ìgbàwọlé tí alágbàtà gbé fún wọn. Púpọ̀ nínú wọn ló ní àwọn kò mọ̀. Wọ́n gbé ìwé lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, wọn kò sì bá yunifásítì sọ̀rọ̀ fúnra wọn rí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún náà, ìjọba Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ìgbàwọlé kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ kí wọ́n lè jẹ́rìí sí i. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ọmọ Àkókó ṣe kedere. Kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún fọ́ọ̀mù. Kí àdírẹ́sì tí yunifásítì yóò máa kọ̀wé sí jẹ́ tirẹ̀. Kí ó san owó fún yunifásítì tààrà. Olùrànlọ́wọ́ lè jókòó tì í. Kò gbọdọ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ọjọ́ orí pẹ̀lú ń béèrè àfiyèsí. Ọmọ Nàìjíríà púpọ̀ ń parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 16. Òfin Kánádà kà á sí ọmọdé. Ẹni tí kò bá tí ì pé ọdún 17 gbọ́dọ̀ ní alágbàtọ́ kan níbẹ̀ tí ó fi òǹtẹ̀ gbà pé òun yóò bójú tó o. Nítorí náà, ọdún kan tí ọmọ fi dúró nílé lẹ́yìn WAEC kì í ṣe òfò. Èsì àṣekágbá yóò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ yóò ti gòkè, yóò sì ráyè kọ̀wé bí ó ti yẹ. Kódà, sìkọ́láṣíìpù ti Toronto tí a mẹ́nu bà lókè fàyè gba ọmọ tí ó jáde ní ọdún tí ó ṣáájú. Kí ó sá ti má jẹ́ pé ó fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta jókòó.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ni ìlú jèrè nínú kí á máa ti ọmọ ọlọ́pọlọ jáde. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó yẹ kí ó lọ fún oyè àkọ́kọ́, pàápàá tí ó bá jẹ́ pé owó ilé àti ilẹ̀ ni wọn yóò tà. Ọ̀nà kan wà tí ó dínwó tí ó sì gbọ́n: kí ọmọ gba oyè àkọ́kọ́ ní Àkùngbá, ní Ifẹ̀, ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́, kí ó ṣe dáadáa níbẹ̀, kí ó tó kọ̀wé sí Kánádà fún oyè ìwádìí, níbi tí ọ̀jọ̀gbọ́n àti yunifásítì ti sábà ń wá owó fún akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fẹ́. Àmọ́ kí ènìyàn ṣàkíyèsí pé ohun kan náà ni ọ̀nà méjèèjì ń béèrè. Yálà ọmọ lọ lónìí tàbí ó lọ lọ́dún márùn-ún sí i, tàbí kò tilẹ̀ lọ rárá, àkọsílẹ̀ tí ó pé, ìkọ̀wé tí ó jẹ́ tirẹ̀ àti orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í parọ́ yóò wúlò fún un.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí ó wà níwájú àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọn yóò di olùkọ́ lọ́la kò nílò dọ́là kan. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tọ́jú ìwé máàkì ọmọ láti SS 1 dé SS 3 sí ibi méjì, ọ̀kan nínú ìwé, ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n yan olùkọ́ kan tí yóò máa ka ohun tí àwọn yunifásítì ń béèrè, tí yóò sì mọ ọjọ́ tí ìlẹ̀kùn ń tì. Kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ pé lẹ́tà rẹ̀ lè jẹ́ owó ọdún mẹ́rin fún ọmọ kan. Kí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, tí ó ń fi owó kun ògiri ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dà, yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún owó fọ́ọ̀mù ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò ní. Àwọn tí wọ́n tẹ Àjọwá dó kò dúró de kí ìlú kan dá tó o ṣe. Wọ́n mú ohun tí olúkúlùkù ní wá, wọ́n sì jọ wá. Bí táàmù yìí bá parí, tí olùkọ́ sì gbé gègé láti kọ máàkì, kí ó kọ ọ́ bí ẹni tí ó mọ̀ pé ẹnì kan yóò kà á ní òdìkejì òkun.